Ohun tí Àrínọlá Kọ Nípa Ìyá Teslim

Ojú Àrínọlá kò ríran dáadáa lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pàdé Teslim, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn sọ pé ó di ojú yan ọkọ. Bébà ìkọ̀wé ló lọ rà ní Yábàá. Alábàárù kan tó ru àpò ìrẹsì yà fún ọ̀kadà, igun àpò náà gbá a lójú, awò ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, alábàárù kejì tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Apá awò kan kán, dígí kan fò yọ. Gbogbo Yábàá dàrú mọ́ra wọn lójú rẹ̀: aṣọ, ènìyàn, ọkọ̀, kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ dé abẹ́ agboòrùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹnì kan ń tún awò ojú ṣe níbí."

"Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Bẹ́ǹṣì wà lẹ́yìn yín, ẹ rọra jókòó. Ẹ má jókòó lé ológbò mi lórí o, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù."

Ohùn ọkùnrin ni, ohùn tó tutù tó sì ní ẹ̀rín nínú. Àrínọlá fi ọwọ́ wá bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Ó ń gbọ́ bí irin kékeré ṣe ń kan irin.

"Dígí yín nípọn gan-an. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mò ń kọ ìwé ìtàn."

"Irọ́ lẹ ń pa fún jíjẹ-mímu nìyẹn."

"Irọ́ tí òótọ́ pọ̀ nínú ẹ̀ ni."

"Ẹ máa kọ èmi náà síbẹ̀?"

"Ó di ìgbà tí mo bá rí yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe tán, ó fi etí aṣọ nu dígí méjèèjì, ó sì fi awò náà sí i lójú fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè wò ó bóyá ó dúró dọ́gba. Bí ohun tí Àrínọlá kọ́kọ́ rí kedere ṣe jẹ́ ojú Teslim nìyẹn o, láti ibi tí kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ọkùnrin dúdú, ó fi èjí, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé kò sí iṣẹ́ mìíràn láyé.

"Ẹ ti wá rí mi báyìí. Ẹ máa kọ mí?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó ná," ni Àrínọlá wí. Irọ́ funfun báláú! Kó tó dé Ojú Ẹlẹ́gbà ló ti fi fóònù kọ ọ́, èjí àti ológbò pẹ̀lú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, apá awò náà tún yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá mi lójú pé ọwọ́ Àrínọlá fúnra rẹ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Kò pẹ́ tí Teslim fi ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ẹtì, tí yóò wá sí Sùúrùlérè, tí wọn yóò jọ jókòó sí iwájú ilé Ìyá Benjamin. Ìyá Benjamin yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá Àrínọlá, òun ló tọ́ ọ dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú òǹkọ̀wé tí Àrínọlá jẹ́. Kì í kọ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí tàbí tí etí rẹ̀ kò gbọ́. Àgbà tó wà nínú ìwé rẹ̀ kejì, ìrìn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ ló ń rìn. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ láìmí nínú ìwé kẹta, aládùúgbò wọn ni. Bí o bá bá a jà láàárọ̀, kí ó má yà ọ́ lẹ́nu bí o bá kú ní orí kẹta.

Ìwé mẹ́rin ló ti kọ nígbà náà. Teslim ka gbogbo wọn láàárín oníbàárà kan sí èkejì, ó sì wá bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí.

"Olólùfẹ́ mi, kí ló dé tí kò sí ìyá kankan nínú ìwé rẹ tó dúró ti ọmọ ẹ̀?"

"Ìtàn ni, Teslim."

"Ìwé mẹ́rin, ìyá mẹ́rin. Gbogbo wọn ló di ẹrù wọn lọ. Gbogbo wọn ló sì kú."

"Ṣé o máa jẹ bọ̀ọ̀lì yìí àbí kí n jẹ ẹ́?"

Teslim wò ó, ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ló tì mọ́ òun lójú yẹn, ó sì jẹ bọ̀ọ̀lì rẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé ìyá Àrínọlá ti kú tipẹ́. Kò tọ pinpin rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, ó mú un lọ sí Mùṣín lọ kí ìyá rẹ̀. Àṣàbí ni orúkọ ìyá náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, opó ni, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí rédíò bá ń ka ìwé ìtàn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ má ṣe bá a sọ̀rọ̀. Ó yẹ Àrínọlá wò látòkè délẹ̀, ó ní, "Òun nìyí?" Teslim ní, "Òun ni, mà." Ìyá ní, "Jẹ́ kó wọlé, kí ló ń dúró sínú oòrùn ṣe?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí àwọn kan ń bẹ̀rù kò tilẹ̀ jáde, nítorí àtàwọn tó ń lọ mọ́ṣáláṣí àtàwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú ìdílé méjèèjì. Láti ọjọ́ náà, "ìyàwó mi" ni ìyá ń pe Àrínọlá.

Àrínọlá fẹ́ràn ìyá yìí débi pé ó ń lọ sí Mùṣín nígbà tí Teslim kò sí nílé. Wọn yóò jókòó, wọn yóò máa bó ẹ̀gúsí, ìyá yóò máa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan báyìí, bó ṣe ń bó ẹ̀gúsí lọ ló sọ ohun kan tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn Teslim, ó bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà lo oṣù mẹ́jọ, ó kú. Ìyá ní láti ọjọ́ yẹn, bí òun bá gbọ́ ẹkún ọmọdé, ara òun á máa gbọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òun di ẹrù òun, òun fi Teslim ọmọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ lórí ẹní, òun lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó, ó di Kàdúná lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Oṣù mẹ́sàn-án lòun lò níbẹ̀.

"Ẹ̀rín-Ò-Ṣeé-Pamọ́ ló tọ́jú Teslim títí mo fi dé. Aṣọ-Kì-í-Rún ní kí wọ́n má gbà mí padà, Ẹ̀rín-Ò-Ṣeé-Pamọ́ náà ló dá a lóhùn. Wọ́n sọ fún Teslim pé ara mi ni kò yá. Má sọ fún un o, ìyàwó mi."

"Mi ò ní sọ fún un, mà."

Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Orúkọ tó bá wù ú ló máa ń sọ wọ́n. Ẹ̀rín-Ò-Ṣeé-Pamọ́ ni ìyá sọ Jameelah, àbúrò ọkọ rẹ̀. Aṣọ-Kì-í-Rún ni Ṣàíbù, ẹ̀gbọ́n ọkọ, tí kì í jókòó kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà ká.

Àrínọlá délé. Ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé. Ó ki orí bọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó ń kọ, ó ń sunkún. Kí ẹ má rò pé kò ro ìlérí tó ṣe. Ó rò ó, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé Teslim ni wọ́n ní kí òun má sọ fún, òun kò sì sọ fún un. Ó sọ Mùṣín di Ìlọrin. Ó sọ Ògbómọ̀ṣọ́ di Ìwó. Gbogbo orúkọ ló pààrọ̀, àyàfi méjì yẹn, nítorí wọ́n dùn lẹ́nu rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ní Sùúrùlérè, kò sí ìyàwó ilé níbẹ̀, kò sí ọmọ ọkọ. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lásán ló pe orúkọ wọ̀nyí, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè pe ẹnikẹ́ni. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń jẹ́ ẹ.

Ìwé náà jáde lẹ́yìn ọdún kan, kò sì tíì fún Teslim ní ẹ̀dà kankan. Inú Àrínọlá dùn nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní àwọn fẹ́ máa kà á láràárọ̀, ìdùnnú náà kò sì jẹ́ kó rántí ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní Mùṣín. Ó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe ètò mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ wọn.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Teslim dé sí Sùúrùlérè lọ́sàn-án gangan. Kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tó wọ̀ kò lọ̀ tán: apá kan ṣe gbọnrangandan, apá kejì rún.

"Mò ń lọ aṣọ láàárọ̀," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Àǹtí Jameelah wá kí màámi. Rédíò ń lọ. Wọ́n ka Ẹ̀rín-Ò-Ṣeé-Pamọ́. Àǹtí Jameelah pariwo pé, 'Àṣàbí, èmi nìyẹn! Wọ́n dárúkọ mi lórí rédíò!' Ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ka Aṣọ-Kì-í-Rún. Wọ́n wá ka ọmọ tó sùn lórí ẹní. Àǹtí Jameelah ò rẹ́rìn-ín mọ́. Màámi dìde, wọ́n pa rédíò."

"Teslim..."

"Lórí rédíò ni mo ti gbọ́ pé ìyá mi fi mí sílẹ̀, Àrínọlá. Gbogbo Èkó ló jọ gbọ́ ọ. O ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. O ń wò mí lójú, o ń jẹ bọ̀ọ̀lì, o mọ̀."

"Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ ni."

"Wọ́n wá ní kó o sọ fún rédíò?"

Teslim ní kí àwọn dá ètò mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ dúró ná, ó sì yí padà, ó lọ. Àrínọlá jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá. Teslim kò gbé fóònù. Àrínọlá kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Mùṣín, ó sì ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí gbogbo wọn ló dùn jù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹrin, Ìyá Benjamin gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwé lo fi ṣẹ̀ wọ́n, o tún fẹ́ fi ìwé bẹ̀ wọ́n? Dìde. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ bẹ ènìyàn, orúnkún ni wọ́n sì fi ń bẹ̀ ẹ́."

Bí Àrínọlá ṣe lọ sí Mùṣín nìyẹn, láìkun àtíkè, láìdi gèlè. Ó bá ìyá nínú pálọ̀, Teslim jókòó sí àga kejì. Ó fẹ́ dìde, ìyá na ọwọ́ sí i.

"Jókòó. O ò ní gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn mọ́."

Àrínọlá kúnlẹ̀. Ìyá kò ní kó dìde.

"Mo gbọ́ ọ tán," ni ìyá wí. "Láti ọjọ́ kejì ìyẹn, láràárọ̀ ni mo jókòó ti rédíò náà títí wọ́n fi kà á dópin. Pé o sọ ọ́ síta, ó dùn mí. Ojú tì mí láti jáde lọ ra iyọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló pa mí lẹ́kún. O ní nígbà tí obìnrin yẹn padà dé, ọmọ ẹ̀ sá sẹ́yìn àǹtí ẹ̀, ó ní, 'Mi ò mọ̀ yín.' Àrínọlá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Lọ́jọ́ tí mo dé láti Kàdúná, láti òpin àdúgbò ni Teslim ti rí mi. Ó sáré! Ó sáré débi pé ó ṣubú sí gọ́tà, àgbọ̀n ẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó dìde, kò dúró. Àpá yẹn wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ dòní. Ohun tí mo fi ń dúpẹ́ láyé mi nìyẹn, òun lo wá gbà lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tó o fi sọ ọmọ mi di ọ̀dájú?"

Teslim ń wo ilẹ̀. Ohùn tí Àrínọlá fi dáhùn, kì í ṣe ohùn òǹkọ̀wé.

"Ẹ dákun, mà. Ọmọ yẹn kì í ṣe Teslim. Èmi ni."

Ìyá ní, "Báwo?"

"Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí màámi lọ. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí Ìjẹ̀bú, àwọn á dé lọ́jọ́ Sátidé. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n lò. Ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà àǹtí mi, wọ́n mú búrẹ́dì dání àti bàtà funfun kan. Bàtà ọmọ ọdún méje ni. Wọ́n ní, 'Àrínọlá, èmi ni.' Mo sá sẹ́yìn àǹtí mi. Mo ní, 'Mi ò mọ̀ yín.' Mo mọ̀ wọ́n, mà. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Inú ló ń bí mi. Wọ́n gbé bàtà yẹn kalẹ̀, wọ́n lọ. Ọdún kan ò pé tí wọ́n fi ní wọ́n ti kú."

Àrínọlá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo ìwé tí mo kọ, mo máa ń rò pé ìtàn mìíràn ni. Bí mo bá dé ìparí, ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni mo máa ń bá ara mi. Mo gbọ́ tiyín, mo rí ìyá tó padà wá, mo ní ẹ̀ẹ̀kan yìí máa yàtọ̀. Ọwọ́ mi ló kọ̀. Ẹ foríjì mí. Mo lè ní kí wọ́n kó ìwé náà kúrò lọ́jà. Mo lè yí ìparí ẹ̀ padà."

Ìyá Teslim ti ń sunkún. Ó fa Àrínọlá mọ́ra láti ilẹ̀ tó wà, ó gbé orí rẹ̀ lé itan ara rẹ̀.

"Wá níbí. Ọmọ tí inú ń bí ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìyá rẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìyá tó lọ tó fẹ́ padà tí kò mọ̀ pé wọ́n lè sọ ọ́ sí òun. Láti Kàdúná títí mo fi dé Ìdó, ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ Ọlọ́run: kí ọmọ yìí ṣáà má sọ pé òun ò mọ̀ mí. Tèmi bọ́ sí i, ti ìyá rẹ ò bọ́ sí i. Kì í ṣe pé mo sàn jù wọ́n lọ. Má yí nǹkan kan padà nínú ìwé yẹn. Tìẹ nìyẹn. Tèmi ṣì wà níbí, o ò tíì kọ ọ́. Tó o bá fẹ́ kọ ọ́, kó o bi mí."

Ó nu imú rẹ̀ sí etí aṣọ, ó wá fi kún un pé, "Má sì tún pààrọ̀ orúkọ Jameelah o. Ó ti sọ fún gbogbo Mùṣín pé òun wà nínú ìwé. Ṣàíbù nìkan ni inú ń bí, ó ní wọn ò sọ irú aṣọ tí òun wọ̀."

Teslim ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jáde.

Ó sin Àrínọlá dé ẹ̀yìn òpó iná tó wà lẹ́nu àdúgbò. Wọ́n dúró síbẹ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ni Teslim bi í. "Mo bi ẹ́. Ọjọ́ bọ̀ọ̀lì yẹn, mo bi ẹ́."

"Mo rò pé bí o bá mọ irú ọmọ tí mo jẹ́, o máa lọ ni."

"Èmi tí mo fi àgbọ̀n gbá gọ́tà nítorí obìnrin tó fi mí sílẹ̀? Àrínọlá, èmi kì í lọ. Sísáré báni ni mo mọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá yìí ló pẹ́ jù lọ tí mo fi bínú rí, ó sì ti rẹ̀ mí."

"Ṣé o ti foríjì mí?"

"Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó máa dùn mí nígbà tó o bá wà nílé mi. Jẹ́ ká fi ètò wa sí ìparí oṣù tó ń bọ̀, jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi."

"Mo gbà," ni Àrínọlá wí, kò sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó dùn jù ú lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó wọn. N kò ní í fi ti àlejò àti oúnjẹ dá yín dúró. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n mú Àrínọlá dé Mùṣín, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀, ó bọ́ bàtà. Omi tútù la fi ń pàdé ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyàwó ilé ló sì máa ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti bù ú wá, ṣùgbọ́n ìyá Teslim gba igbá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́ ìyá ọkọ. Ó ní òun mọ̀.

Àgbà obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fọ ẹsẹ̀ òsì, kò kánjú. Ó gbàdúrà ọmọ, ó gbàdúrà àlàáfíà, gbogbo wọn ń ṣe àmín. Àrínọlá ń dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ Ìyá Benjamin, lọ́wọ́ ìyá tó bí i pàápàá, tó padà wá lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí àdúrà parí, ìyá Teslim dì í lẹ́sẹ̀ mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

"Wọlé, ọmọ mi. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ilé yìí sú ẹ, tó o di ẹrù rẹ, jí mi kó o tó jáde. Èmi náà á di tèmi. A jọ máa lọ ni, a ó sì jọ padà wá."

"Màá jí yín, mà," ni Àrínọlá wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì wọlé.